Ọ̀pá Tó Lẹ̀ Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Kànmí

Kí ni a ti mọ̀ nípa irin? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. A mọ̀ pé omi ni ọ̀tá rẹ̀. A mọ̀ pé bí a bá fi í sílẹ̀ síta, ìpẹtà á bò ó. A mọ̀ pé iyọ̀ a máa mú kí ìpẹtà yára. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ìkìrun kí n tó wá sí New York. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sáré pe nǹkan ní iwin. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ nínú gáréèjì mi ní Stapleton, ní New York níhìn-ín. Ọ̀sán ni. Oòrùn wà lórí tábìlì. Èèyàn méjì ló gbọ́ ọ, èmi sì ni ọ̀kan nínú wọn. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ọwọ́ mi má gbé sípánà mọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé, mo máa ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ẹnikẹ́ni tó bá gbé tirẹ̀ wá. Ìyá Justin ni wọ́n ń pè mí. Àwọn mìíràn ń pè mí ní Tíṣà, torí pé n kò lè lẹ táyà kan kí n má ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde níbẹ̀. Ẹ fara dà á fún mi.

Oyíndà ló gbé kẹ̀kẹ́ náà wá. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti òun ń ṣe, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ni. Mo ti ń gbọ́ igbe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà láti ìgbà tó ti yà sí àdúgbò. Ó ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Justin."

"Káàárọ̀, Oyíndà. Kẹ̀kẹ́ ta nìyí?"

"Ti Kànmí ni."

Mo gbé sípánà ọwọ́ mi sílẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ni Kànmí. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó gun kẹ̀kẹ́ yìí lọ sí St. George, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Manhattan. Ó fi ṣéènì so ó mọ́ irin kan létí omi. Ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n rí i nígbà tó ń wọ inú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i kó sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Àwọn ọlọ́pàá wá a. Ṣọ́ọ̀ṣì gbààwẹ̀. Kò sí òkú, kò sí ìròyìn. Kẹ̀kẹ́ náà wà níbi tó so ó mọ́, nínú òjò, nínú yìnyín, nínú afẹ́fẹ́ tó ń gbé iyọ̀ bọ̀ láti ojú omi. Ìyá wọn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ó ní bí ọmọ òun bá dé, kí ló fẹ́ gùn wálé?

"Ta ló wá tú u?" mo béèrè.

"Màámi fúnra wọn ni. Lánàá." Oyíndà ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ń lọ sílé lọ́la. Wọ́n fẹ́ lọ sin ín."

Ẹ̀yin àgbà mọ èyí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín. Bí èèyàn bá kú síbi tí ọwọ́ kò ti tó òkú rẹ̀, àwọn ẹbí a máa wá ohun tó kúrò lára rẹ̀: irun, èékánná, aṣọ tó wọ̀ tí òógùn rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n á gbé lọ sílé, tí wọ́n á sin bí ẹni ń sin òun gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ Kànmí ni ìyá rẹ̀ ti fọ̀, tó ti lọ̀, tó ti ká sínú àpótí, nítorí ó ń retí rẹ̀. Kò ku irun kankan nínú ìyarun. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ yìí. Ìjókòó aláwọ ni. Ó ti tẹ̀ wọnú níbi tí ọmọ náà máa ń fi ìdí lé.

"Màámi ní kí ẹ yọ ọ́ tòun ti ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ má gé e. Wọ́n ní a kì í gé ohun tó dúró fún èèyàn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Kò dáa, mà." Ó wá gbójú sókè. "Èmi ò gbà pé Kànmí kú. Èmi àti Màámi ti jà lórí ẹ̀ títí. Àdéhùn tí a wá ṣe ni pé tí ọ̀pá yìí bá jáde lónìí, kí wọ́n gbé e lọ. Tí kò bá jáde, kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo, ká ṣì máa retí ẹ̀."

"Ìwọ wá ń fẹ́ kó jáde, àbí o ò fẹ́?"

"Kó má jáde o."

"Èmi á sì yọ ọ́. Irin kò mọ òkú, kò mọ alààyè, Oyíndà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà gbìyànjú, mà. Abdulwaheed aládùúgbò yín ti fi gbogbo agbára ẹ̀ yí i kí n tó wọlé síbí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló kù díẹ̀ kó kán."

Nísinsìnyí, kí ló mú kí ọ̀pá lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́? Ẹ ronú sí i. Egungun kẹ̀kẹ́ yẹn, irin ni. Páìpù kan dúró láàárín rẹ̀, inú páìpù yìí ni ọ̀pá ìjókòó ń wọ̀. Àmọ́ ọ̀pá náà kì í ṣe irin, alumíníọ̀mù ni. Bí àwọn méjèèjì bá fara kan ara wọn, tí omi iyọ̀ sì wọ àárín wọn, ìyẹ̀fun funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára alumíníọ̀mù. Ìyẹ̀fun yìí máa ń wú. Kò ní ibi tí ó máa wú lọ. Yóò fún ọ̀pá náà mọ́ páìpù títí wọn yóò fi dà bí ohun kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi gírísì kun ọ̀pá kí a tó tì í bọ inú páìpù. Ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ yìí fún Kànmí kò fi gírísì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ṣe wí, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo tú nọ́ọ̀tì tó di ọrùn páìpù náà, mo yọ ìdè rẹ̀ kúrò pátápátá. Mo fọ́n epo tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, mo sì fi òòlù onírọ́bà kàn án jẹ́jẹ́ kí epo lè rí ọ̀nà wọlé. Ká kàn án, ká dúró. Ká kàn án, ká dúró. Ẹ má ṣe sáré. Sùúrù ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.

Abdulwaheed yọ orí wọlé, ó gbé agolo ńlá kan tí áìsì kún inú rẹ̀. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa tó fara ti gáréèjì mi. Ògiri kan ló wà láàárín wa.

"Ìyá Justin, áìsì tí ẹ ní kí n gbé wá rèé. Ó ń rùn bí ẹja díẹ̀ o."

"Kẹ̀kẹ́ kò ní imú. Gbé e wá."

"Ẹ jẹ́ n kúkú mú àyùn mi wá jàre. Ká gé nǹkan yìí, ká lọ jẹun."

"Bí mo bá gé ẹsẹ̀ rẹ, ṣé wàá ṣì jẹ́ Abdulwaheed?"

"Màá jẹ́ Abdulwaheed. Màá kàn kúrú díẹ̀ ni."

Oyíndà bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Abdulwaheed náà rí i pé òun ti ṣe rere, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Mò ń lọ kírun Àílà. Ẹ má jẹ́ kó jáde kí n tó dé o. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Ó lọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú omi, mo bá ti ilẹ̀kùn, mo sì ti irin bọ ìdè rẹ̀ láti inú. Ẹ rántí ìyẹn. Láti inú ni mo ti tì í, èyí tó wá láti ilé ìdáná náà sì wà ní títì.

A fi áìsì yí ọ̀pá náà ká. Ẹ óò béèrè ìdí. Òtútù máa ń mú nǹkan sún kì, alumíníọ̀mù sì máa ń sún kì ju irin lọ. Nígbà tí ọwọ́ kò lè gbà á mọ́ nítorí òtútù, a dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Mo fi fáìsì tó wà lórí tábìlì mi gán orí ọ̀pá náà mú. Irin ẹlẹ́nu méjì ni fáìsì. Ohun tó bá gé jẹ, kì í jù ú sílẹ̀. Báyìí, kẹ̀kẹ́ ti dorí kodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, a sì lè fi gbogbo egungun rẹ̀ ṣe ọwọ́ sípánà. Èmi di iwájú mú. Oyíndà di ẹ̀yìn mú.

"Kì í ṣe ọ̀pá la fẹ́ yí," mo sọ fún un. "Kẹ̀kẹ́ la ó yí lára ọ̀pá. Ó yá."

A yí i. Kò mì.

"Ẹ rí i?" ni Oyíndà wí.

"Mi ò tíì rí nǹkan kan. Tún dì í mú."

A tún yí i. Kò mì. Fáìsì ké. Tábìlì ké. Ọ̀pá náà dúró bí ẹni tó jókòó sílé bàbá rẹ̀.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, nítorí ìhà ibí yìí ni mo ti máa ń dá kíláàsì dúró.

Ariwo kì í tán ní gáréèjì mi. Fírísà Abdulwaheed máa ń kùn lẹ́yìn ògiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bọ́ọ̀sì máa ń kọjá ní Bay Street. Ajá kan wà lẹ́yìnkùlé kejì tí kò mọ ẹnu pa mọ́. Nígbà tí a sinmi láti mí, mo ṣàkíyèsí pé fírísà náà ti dákẹ́. Mo rò pé iná ni. Lẹ́yìn náà mo ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀sì kò kọjá mọ́. Ajá kò gbó. Áìsì nìkan ló ń kán sílẹ̀ láti etí tábìlì. Tò. Tò. Nígbà tó yá, òun náà dákẹ́.

Oòrùn dúró gangan lókè. Àwọn àgbà ilé wa kì í jẹ́ kí ọmọdé máa rìn kiri lásìkò yẹn. Wọ́n ní èèyàn nìkan kọ́ ló ni ọ̀sán gangan. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," mo wí.

A tẹ̀ síwájú, a fi àyà tì í.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ohùn ọkùnrin ni. Ọ̀dọ́ ni. Ohùn náà fúyẹ́, bí ti ẹni tó ń kọjá lọ tí kò ní in lọ́kàn láti dúró. Kò jìnnà. Kò sún mọ́.

"Oo, ẹ ṣé o," ni mo dáhùn.

N kò gbójú sókè. Mo rò pé Abdulwaheed ti kírun tán ni. Ṣé ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo dáhùn láìwo ẹni tó kí mi? Ta ni nínú wa tí wọ́n máa kí kú iṣẹ́ tí kò ní dáhùn? Ìdáhùn yẹn máa ń jáde kí èrò tó dé. Láti kékeré ni wọ́n ti fi sí wa lẹ́nu.

Kẹ̀kẹ́ náà bá yí.

Ohun tó ti lẹ̀, tó bá fẹ́ jáwọ́, a máa dún. Ó máa ń dún gbàà, á sì ta ọwọ́ ẹni. Èyí kò dún rárá. Ó rọra yí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo mọ agbára ọwọ́ tèmi. Mo mọ ti Oyíndà. Agbára tó yí kẹ̀kẹ́ yẹn ju tàwa méjèèjì lọ. Ó dà bíi pé ẹnìkan tó ń kọjá lọ rí wa, ó kí wa, ó sì yà wá bá wa fọwọ́ kún un.

"Abdulwaheed, o ṣé," mo wí, mo wá gbójú sókè.

Kò sí Abdulwaheed. Kò sí ẹnikẹ́ni. Irin ṣì wà nínú ìdè ilẹ̀kùn bí mo ṣe tì í.

Oyíndà ti jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Oyíndà, ta ló kí wa?"

Ojú rẹ̀ kò kúrò lára kẹ̀kẹ́.

"Oyíndà."

"Kànmí ni."

Lẹ́yìn ògiri, fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn padà. Ajá gbó. Bọ́ọ̀sì kan kọjá.

Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, ó sì sọ ọ́ fún mi. Ó ní bí Kànmí ṣe máa ń kí nìyẹn. Ó ní ọmọ náà kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Àwọn tó ń gbẹ́ títì, àwọn tó ń kó ilẹ̀, ẹni tó ń kun ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀dà, gbogbo wọn ló ń kí ní Yorùbá, tí wọ́n á sì juwọ́ sí i láìmọ ohun tó wí. "Mo máa ń ní, Kànmí, wọn ò gbọ́ o. Á ní, Àǹtí mi, ara wọn gbọ́."

"Níbo lo ti gbọ́ ohùn náà?"

Ó na ìka sí kẹ̀kẹ́ tó dorí kodò. Sí páìpù àárín.

Ibẹ̀ ni èmi náà ti gbọ́ ọ. N kò tíì sọ ọ́ lẹ́nu ni.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Mo gbá kẹ̀kẹ́ náà mú, mo fà á sókè kúrò lára ọ̀pá. Ó jáde bí ọ̀bẹ ṣe ń jáde nínú bọ́tà. Mo tú fáìsì, mo gbé ọ̀pá náà sójú oòrùn. Mo ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ láyé mi. Ó yẹ kí ó funfun, kí ó ní ihò wínníwínní, kí ìyẹ̀fun bò ó. Kò sí ìyẹ̀fun. Ó ń dán. Láti ibi tó ti wọ páìpù títí dé ìdí, gírísì ló bò ó. Gírísì tútù, aláwọ̀ ewé díẹ̀, tó ṣì rọ̀. Ipa ìka wà nínú gírísì náà, ìka mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, àtàǹpàkò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni tó gbá ọ̀pá náà mú láti ìsàlẹ̀.

Mo ti ìka mi bọ inú páìpù. Ó gbẹ. Ìyẹ̀fun àti ìpẹtà ló bá ìka mi jáde. Kò sí gírísì níbẹ̀ rárá. Páìpù náà sì ṣe tóóró. Kò gba ìka méjì, áḿbọ̀sì ọwọ́.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì ta gìrì, mo sì lọ ṣí i. Abdulwaheed ni.

"Kí ló dé tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi? Àbí ẹ ti yọ ọ́?"

"Ṣé ìwọ lo kí wa lẹ́ẹ̀kan?" mo bi í.

"Èmi? Mo wà lórí ìrun. Ẹ̀yìn ìrun ni mo ti ń bọ̀ yìí." Ó fi ìka tọ́ gírísì náà wò, ó gbóòórùn rẹ̀. "Tuntun nìyí. Ìgbà wo lẹ kùn ún?"

"A ò kùn ún."

Ó wo ojú mi. Ó wo ojú Oyíndà. Ó wo ipa ìka yẹn. "Aúsùbílàhì," ló wí, jẹ́jẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. Títí dòní, kò tíì bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́, ọkùnrin tí kò sí ohun tí kì í tọpinpin.

Ìyá wọn dé ní ìrọ̀lẹ́ láti wá gbé ẹrù rẹ̀. Obìnrin kékeré ni, ó dúró ṣánṣán. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rí ọ̀pá náà lórí tábìlì, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó jáde."

"Ó jáde mà," mo wí.

"Màámi," ni Oyíndà wí, "ó kí wa."

"Ta ni?"

"Kànmí. Èmi àti Ìyá Justin la gbọ́ ọ. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìyá náà fi ọwọ́ kan ìjókòó náà. Kò bẹ̀rù. N kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rárá.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"À ń yọ ọ̀pá."

"Kí la fẹ́ fi ọ̀pá ṣe?"

Oyíndà wo ọ̀pá náà.

"Ìsìnkú ẹ̀ lẹ ń ṣe. Ó sì rí yín, ó kí yín. Ọmọ mi gbà ká sin òun."

"Òkú kì í kí èèyàn kú iṣẹ́, Màámi! Ẹni tó ń kọjá lọ ló máa ń kíni. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, ó wà láyé. Ó ń lọ síbì kan ni!"

"Oyíndà."

"Ó ń lọ síbì kan ni, Màámi."

"Àdéhùn ńkọ́?"

Oyíndà yí ojú sí ògiri. Ìyá náà tẹ́ ìró kan sórí tábìlì, ìró aláwọ̀ búlúù tó ti ṣá. Mo na ọwọ́ sí àkísà láti nu gírísì náà kúrò, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má nù ún. Ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn."

Ó wé e, ìjókòó àti ọ̀pá, bí ẹni ń wé ọmọ tuntun. Ó gbé e sí èjìká. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà.

"Ta ló dá a lóhùn?"

"Èmi ni mà," mo wí.

"Ẹ ṣeun." Ó wá wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò tètè rí ohùn mi, Màámi," ni Oyíndà wí.

Ìyá náà kò bá a wí. Ó kàn mi orí, ó lọ. Ṣùgbọ́n mo rí bí ìbéèrè yẹn ṣe wọ ọmọ náà lára. Àbúrò rẹ̀ kí i, èmi tí n kì í ṣe ẹbí ni mo dáhùn.

Ìyá náà fò lọ sílé, ó sì pè mí lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá Kànmí ni wọ́n sin ín sí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní òun ti ń sùn. Inú mi dùn fún un, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

Egungun kẹ̀kẹ́ náà kù sí gáréèjì mi. Mo rò pé Oyíndà máa ní kí n jù ú nù. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó mú sáńpépà. Ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ìpẹtà. Ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó fá ìpẹtà tán, ó fi epo sí ṣéènì, ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣe débi tí wọn kò ké mọ́. Nígbà tí kò sí nǹkan tó kù tí èèyàn lè tún ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Oyíndà, kí lò ń ṣe gan-an?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Iṣẹ́ wo? Kẹ̀kẹ́ yìí ti dán ju ìgbà tí wọ́n rà á lọ."

"Iṣẹ́ ṣáá ni, mà. Wọn kì í kí ẹni tó bá jókòó lásán kú iṣẹ́."

Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di sáńpépà mú kí ọwọ́ má baà bó, mo sì fi í sílẹ̀.

Sátidé tó kọjá yìí, mo wà nínú ilé ìdáná, mò ń gé àlùbọ́sà. Ilẹ̀kùn tó lọ sí gáréèjì wà ní títì. Mò ń gbọ́ sáńpépà rẹ̀, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń dún. Ó dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ bí fírísà Abdulwaheed ṣe dákẹ́. Ọ̀bẹ ọwọ́ mi náà dúró lójú afẹ́fẹ́.

N kò gbọ́ kíkí kankan. Mo tẹ́ etí mi débi tí mo fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn Oyíndà, ketekete, bí ohùn ẹ̀gbọ́n tó ń dá àbúrò rẹ̀ lóhùn láti inú ilé.

"Oo! O ṣé o!"

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Irin ilẹ̀kùn ìta wà nínú ìdè rẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù fún omijé, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìwọ àti ta ni?" mo bi í.

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. "Ẹ má dá mi dúró, mà," ló wí. "Ó bi mí pé ìgbà wo ni màá ṣe tán."

Mo ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ ibi tí ìmọ̀ mi pin sí. N kò lè sọ fún yín bóyá Kànmí kú. Sàréè wà nílé, ìdáhùn ń lọ ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a lè dán wò, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kí ẹ dán an wò, torí èmi ti fi ìdáhùn mi ba tèmi jẹ́. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ti lẹ̀. Ẹ tú ìdè rẹ̀, ẹ fọ́n epo sí i, kí ẹ fún un ní àyè títí di ọjọ́ kejì. Ẹ fi áìsì sí i. Ẹ fi fáìsì gán an mú. Tí oòrùn bá dúró gangan, kí ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú, kí ẹ sì yí i. Bí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, tí ẹnìkan sì kí yín kú iṣẹ́, ẹ fi eyín di ètè. Ẹ má dáhùn. Ẹ máa yí i lọ, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ó jáde.